Orúkọ Tí Mo Fi Bírò Pupa Pa Rẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ó ní kí n bá òun di bọ́tìnì ẹ̀yìn aṣọ òun, ọwọ́ òun kò débẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò ní Ọbáníkòró. Bí mo ṣe ń di bọ́tìnì náà lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, tí mo bá dé, ẹ tún bá mi kọ̀wé sí àwọn ológun yẹn. Bóyá akọ̀wé mìíràn ti dé ibẹ̀." Mo ní ó dáa. Orí ìjókòó ní ilé ìwòsàn ni ó kú sí, kí ó tó kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún un. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá. N kò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé, nítorí òun nìkan ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún ṣe ohun kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ìyàwó mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bàbá rẹ̀ wọṣẹ́ ológun, ó lọ sí ogun abẹ́lé nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì padà. Kò sí òkú, kò sí ìwé. Nígbà tí ó dàgbà, àwọn kan nílé bàbá rẹ̀ a máa sọ ọ́ sí i lójú pé, "Bàbá yín kò kú o, sísá ló sá. Ó wà lókè Ọya níbi tó ti ń jẹ tùwó." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ kì í rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, a gbọ́ pé ọmọ ológun lè béèrè fún ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ológun: ọjọ́ tó wọṣẹ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́, bó ṣe kúrò. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bájúláyé ni mo wà nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ta ni ì bá kọ fọ́ọ̀mù náà bí kò ṣe èmi?

Àbẹ̀kẹ́ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí bébà fún mi: Jóṣúà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe máa ń kọ ọ́ sára lẹ́tà tó bá ń lọ sí bárékè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìlú kì í ṣe orúkọ bàbá ẹni. Ìwé ìjọba lèyí." Mo fi bírò pupa pa Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́, mo kọ Oyèníran, orúkọ ìdílé wọn. Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé." Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Jóṣúà Oyèníran nínú àkọsílẹ̀ àwọn. Àbẹ̀kẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lọ sí ìpàdé ìdílé wọn mọ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bóyá lóòótọ́ ni bàbá òun sá.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Orúkọ méjì ni wọ́n kọ fún òkú náà, ọ̀kan parí sí Ìséyìn. Mo bi í pé èwo ni àṣìṣe. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ọ̀gá oníbírò, kò sí àṣìṣe níbẹ̀! Ọjọ́ tí a wọṣẹ́, akọ̀wé á ní, 'Níbo lo ti wá?' Ohun tí o bá dáhùn, òun ni orúkọ bàbá rẹ títí wàá fi kúrò. Bàbá tó bí mi gan-an, wọn ò mọ̀ ọ́n nínú ìwé wọn!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jóṣúà Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo pa rẹ́ ni mo ń rò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òye gbé e. Ó yẹ kí n délé lọ́jọ́ náà kí n ní, "Èmi ni mo ṣì í." N kò sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù mìíràn ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ológun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ fọwọ́ sí i, á rí orúkọ náà, á mọ̀. Mo ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Bí ọdún mẹ́wàá ṣe lọ nìyẹn. N kò fẹ́ kí obìnrin tó ní "Ẹ̀yin lẹ kàwé" fi ojú mìíràn wò mí. Kò sí ìdí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú fọ́ọ̀mù tuntun lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sístà Rúùtù, ní Bàrígà. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ bàbá wọn. Ó rí orúkọ tí mo kọ, ó pariwo.

"Jóṣúà Ògbómọ̀ṣọ́! Orúkọ tí Màmá máa ń pè nìyí! Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, àna mi?"

Mo ní, "Sístà, àwọn akọ̀wé ọ̀hún ló ṣì í."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ó ṣépè díẹ̀ fún àwọn akọ̀wé, ó fọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ mi mú. "Àbẹ̀kẹ́ rọ́kọ fẹ́. Ẹ sáà jẹ́ kí ìwé yẹn dé, màá gbé e kọ́rùn lọ sípàdé ìdílé bíi ṣéènì!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí ìwé náà bá dé, yóò máa yìn mí lórí ohun tí mo fi du àbúrò rẹ̀. Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún un kí èsì tó dé? Ẹni tí ì bá dárí jì mí ti lọ. Ẹni tó kù rò pé oore ni mo ṣe.

Àná ni mo lọ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, èmi ló ń kọ̀wé, Àbẹ̀kẹ́ ló ń lọ fi í ránṣẹ́. N kò mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń gbà á. Mo béèrè, mo tò. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n kọ orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn àpò ìwé náà. Mo kọ tèmi. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí n máa lọ. Mo dé ilé, n kò rí ẹni tí n ó sọ fún pé mo ti fi í ránṣẹ́.