Ẹni Tó Bá Tètè Dé, Ejò Ò Ní Rí I

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn dé iwájú yín lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá ibí, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ òsì mi nìyí. Ó ṣì dúdú ju èkejì lọ, bàtà tí mo máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ò sì gbà á mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ni, òun ni mo fi rìn wá. Pásítọ̀ ti fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin akọrin, ẹ má tíì dá orin o, torí apá kan nínú ẹ̀rí yìí ò dùn ún gbọ́, orí èmi gan-an ló sì dá lé.

Púpọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí sí Ìyá Abíjàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀ kí n tó padà sí Ẹ̀jìgbò, tí mo wá dá ilé iṣẹ́ gàrí sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń fọ̀ ọ́, àwọn kan ń yan gàrí. Owó iṣẹ́ wọn kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi, n kì í sì í bú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bi mí léèrè nígbà yẹn, màá sọ fún yín pé kò sí ọ̀gá tó dáa tó mi ní gbogbo agbègbè yìí.

Òfin ni mo fẹ́ràn. Ní Abíjàn, mo bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé bí aago bá ti lù, sé finí, ó parí nìyẹn, kò sí àlàyé. Nígbà tí mo délé, mo tún rí i nínú ìjọ wa yìí pé bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ́ṣà á ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe tì í báyìí, ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta. Ó wù mí. Mo ní ètò nìyí. Mo wá kọ tèmi sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gẹ́ètì. Aago méje òwúrọ̀ la ó máa gbàdúrà, bí àdúrà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́ètì á tì. Ẹni tó bá pẹ́ á kọ́kọ́ kó èèpo ẹ̀gẹ́ àná kúrò níbi òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níta, á kó o lọ sétí títì níbi tí àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ti ń wá gbé e, kó tó wọlé. Mo kà á sí wọn létí. Mo ní òfin yìí ò mọ ojú o, bí èmi alára bá pẹ́, màá kó èèpo. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ẹni tó máa ń pẹ́ jù ni Ìyá Sádíà. Apá Màsífà ló ti ń wá, Mùsùlùmí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ bẹ tó o nínú gbogbo wọn. Bí ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló máa ń bá gẹ́ètì ní títì. Kì í wá àwáwí. Á kàn ká ìró rẹ̀ sókè, á gbé agbọ̀n, á máa kó èèpo tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Bí a ti ń kọrin nínú lọ́hùn-ún, a máa ń gbọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ níta. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé oorun ló fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn obìnrin náà rán an sí mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. A ti rí ejò lẹ́ẹ̀mejì nínú èèpo yẹn, àwọn eku ló ń fà á wá. Ẹ bá wa ra bàtà òjò, tàbí kí ẹ fi ìyà mìíràn jẹ ẹni tó bá pẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ẹni tó bá tètè dé, ejò ò ní rí i." Àwọn tó kù bá mi rẹ́rìn-ín, ṣé ọ̀gá ló kúkú sọ̀rọ̀. Ìyá Sádíà nìkan ni kò rín. Ó ní, "Ẹ ṣé, màmá." Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ọjọ́rú kan ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà. Kí a tó rí ẹni bá wa lẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, orin ti ń lọ nínú, gẹ́ètì ti tì. Fúnkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi bójú tó iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Mo gbé ọwọ́ kí n kan gẹ́ètì. Àlàyé mi ti wà lẹ́nu mi: táyà ló jò, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ibi tí mo ti fẹ́ kàn án ni mo ti wẹ̀yìn, mo bá rí Ìyá Sádíà tó gbé agbọ̀n dání. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, màmá." Ó kàn wo páálí tó wà lára gẹ́ètì, èmi náà wò ó.

Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀gá rú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mo ká ìró mi sókè, mo ní kó fún mi ní agbọ̀n. Ó ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, màá kó tiyín mọ́ tèmi." Mo ní rárá o, òfin ò mọ ojú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni nǹkan gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀gún. Nígbà tí mo wolẹ̀, paramọ́lẹ̀ ni, ó ń wọ́ padà sábẹ́ èèpo.

Mo figbe ta. Ṣùgbọ́n orin ti gba gbogbo ibẹ̀, gẹ́ètì sì tì. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa tì í. Èmi náà ni mo sọ fún Fúnkẹ́ pé kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí a ó fi ṣe àmín. Ìyá Sádíà ló gbá mi mú kí n má ṣubú. Ó mú mi jókòó, ó tú ìborùn aláwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ mi mọ́ pákó kan kó má baà máa mì. Bàbá kan tó gun ọ̀kadà ń lọ sóko dúró. Ó ní ká wá abẹ, kí òun sín gbẹ́rẹ́ sójú ibẹ̀, kí oró jáde. Ìyá Sádíà na ọwọ́ dí i. Ó ní, "Ẹ dákun, bàbá. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi nìyẹn, wọ́n padà gé ẹsẹ̀ náà ni. Ẹ gbé wa lọ sí ọsibítù." Obìnrin tí mo rò pé kò lè sọ̀rọ̀, òun ló ń pàṣẹ. Bàbá náà ò jiyàn. Wọ́n fi mí sáàárín, a kọrí sí Ẹ̀jìgbò.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé, abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ti tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ká tètè máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bá wa wá mọ́tò. Kí a tó jáde nílùú, ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ nínú èrìgì mi. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n má padà wálé.

Mo fẹ́ gbàdúrà. Èmi tí mo máa ń ṣáájú àdúrà ní àràárọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Ohun tó ń dún létí mi ni ohùn ara mi: ẹni tó bá tètè dé, ejò ò ní rí i. Mo tún ń gbọ́ ẹ̀rín mi. Mo wá rò ó pé bí Ọlọ́run bá fi òfin mi dá mi lóhùn ńkọ́? Ṣé màá ní àlàyé? Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Olúwa, mo pẹ́. Má ti gẹ́ètì mọ́ mi." Àdúrà tí mo rí gbà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí mi wà lórí itan Ìyá Sádíà. Ó ní, "Àmín, màmá." Òun náà sì ń bẹ Ọlọ́run ní ọ̀nà tirẹ̀, títí a fi débẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò ti gẹ́ètì mọ́ mi. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n fún mi lójú ẹsẹ̀. Dókítà sọ pé ká dúpẹ́ pé a ò fi abẹ kan ojú ibẹ̀, a ò sì fi àkókò ṣòfò kiri.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, oòrùn ti yí. Ìyá Sádíà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ìyá mi ò tíì jẹun láti àárọ̀." Mo ní ìyá rẹ wo? Ó ní láti ìgbà òjò tó kọjá ni apá kan ara wọn ti rọ. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ wọn, òun ló ń fi ṣíbí fún wọn lẹ́kọ kí òun tó wá síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá tètè jí, òun á bá gẹ́ètì ní ṣíṣí. Bí òru ò bá dáa fún wọn, òun á pẹ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò bi mí, màmá."

Paramọ́lẹ̀ bù mí jẹ, mo figbe ta. Ọ̀rọ̀ yìí bù mí jẹ, n kò rí igbe ta. Ẹni tó gba ẹ̀mí mi là ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kó lè lọ bọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á bí ẹni tó tún rú òfin. Mo ti máa ń sọ pé òfin mi ò mọ ojú. Òótọ́ ni, kò mọ ojú. Kò mọ ojú ìyá tó wà lórí ẹní lápá Màsífà. Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba, èmi wá gbé òrùka kan ṣoṣo, mo ní gbogbo wọn ni yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèmi pẹ́, mo ti fẹ́ ṣàlàyé táyà.

Nígbà tí mo padà délé, n kò kọ́kọ́ wá síbí. Ẹ dárí jì mí, Pásítọ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo pe gbogbo wọn jọ, mo tọrọ àforíjì, mo sì já páálí náà níwájú wọn. Mo ní kí wọ́n sọ òfin tí wọ́n fẹ́. Mo rò pé wọ́n á ní ká máa dé ní aago mẹ́sàn-án. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aago méje dáa. Màmá àgbà kan tó ń yan gàrí ní, "Ẹ̀bẹ̀ yín ti tó o, Ìyá Abíjàn. Bàtà la ní kí ẹ rà."

Mo ra bàtà. Gbogbo wa la wá ń kó èèpo báyìí, a pín in lọ́jọ́ọjọ́, ọjọ́ Ẹtì ni tèmi. A kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú mọ́. Gẹ́ètì kì í tì nígbà àdúrà, ẹni tó bá wù ló ń bá wa gbà á. Ẹni tó bá pẹ́, a ó kọ́kọ́ bi í léèrè. Ìyá Sádíà ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ó sì ń fi wákàtí kan kún un nírọ̀lẹ́. Fúnkẹ́ ní wọ́n á máa rẹ́ mi jẹ, irọ́ kọ́ ló pa. Obìnrin kan sin àǹtí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì. Èmi ò bá a wí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a wí, àǹtí náà ò tún kú mọ́.

Mo fẹ́ mú Ìyá Sádíà wá síwájú yín lónìí kí ẹ lè rí i. Ẹ má rò pé ó fẹ́ yí ẹ̀sìn padà o, ẹ má sì rọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ wẹ ìyá òun ná. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti ń wo ojú fèrèsé ẹ̀yìn yẹn. Mo rí ìborùn aláwọ̀ ewé. Ó ti dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, àwọn ọ́ṣà ò jẹ́ kó wọlé torí pé ó pẹ́.

N kò bá yín wí. Lọ́dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, ó sì wù mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n brọ́dà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, mo fi Ọlọ́run tó gbà mí bẹ̀ yín, ẹ ṣílẹ̀kùn. Àga mi nìyí níwájú, òun ni kó jókòó síbẹ̀, èmi á dúró. Ẹ̀yin akọrin, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí. Ìyìn Ọlọ́run ò ní bàjẹ́ bí a bá dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná, kó jókòó, ká bi í bóyá ìyá rẹ̀ sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wa jọ dìde, ẹ wá bá mi yọ̀.