Etí Tẹlifíṣọ̀n Tí Mo Dí

Ọmọ́níyì, Àánú, ẹ jókòó. Rita, ìwọ náà jókòó, ọmọ mi. Ohun tí kò bá yé ọ nínú Yorùbá mi, Àánú yóò sọ ọ́ fún ọ. Ọjọ́ Ajé ni àwọn dókítà yóò la àyà mi, wọn kò sì fi pamọ́ fún mi pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lè má jí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. N kò fẹ́ gbé ohun tó wà nínú mi lọ síbẹ̀. Nígbà ìsìnkú bàbá yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé èmi ni mo di ohùn rẹ̀ nígbà tí ohùn tirẹ̀ lọ. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹrí ba, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi ni mo gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bi mí ní ohunkóhun.

Kí n tó rí bàbá yín ni mo ti gbọ́ ọ. Lọ́dún 1977 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé nílé-iṣẹ́ èédú, wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. A gba Kàdúná, a gba Kafanchan, a gba Mákurdí, títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nígbà tí a dé Énúgù, ọyẹ́ ti bo gbogbo òkè, n kò rí nǹkan kan lójú fèrèsé. Ohùn ọkùnrin kan ni mo kọ́kọ́ bá pàdé nílùú yìí. Ó kí wa káàbọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kí wa ní Ìgbò, ó kí wa ní Haúsá, ó wá dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ti ọ̀nà Ọ̀fà bọ̀, ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbàgbé ẹrù yín." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní Festus Oyèdélé nìyẹn, akéde ibùdókọ̀ ojú irin, pé kò sí ọ̀gá tó ní kó fi Yorùbá kún un, ó kàn fẹ́ràn kó máa ṣe é ni. Kí ọdún tó yí po, mo ti di ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin kò lè rántí yàrá méjì tí a gbé ní Coal Camp dáadáa, nítorí ẹ kéré. Bí atẹ́gùn bá ti ọ̀nà Ogbete, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin wà, fẹ́ wá, ohùn bàbá yín á wọ inú ọgbà wa. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ nídìí ẹ̀rọ omi á dáwọ́ dúró, wọ́n á ní, "Festus wife, your husband dey call you o," a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Òórùn ọ̀kpá gbígbóná, oúnjẹ Ìgbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín, á máa jáde láti ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé á sì máa tò tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á máa pe Òtúkpó, wọ́n á máa pe Láfíà, bí ó ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ Láfíà nínú ìròyìn, ọgbà yẹn ni mo máa ń rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnì kankan rí. Bí bàbá yín bá délé, ó ti rẹ ẹnu rẹ̀. Á jẹun, á ka ìwé ìròyìn, á sùn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó ń fún ní ohùn dídùn láti àárọ̀. Èmi a máa gba èyí tó ṣẹ́kù, ó sì máa ń dùn mí. Mo bínú sí ohùn ọkọ mi, ìbínú kékeré tí mo rò pé ó ti kú, àfi ìgbà tí mo dàgbà tí mo rí i pé ó kàn sùn ni.

Ọkọ̀ ojú irin dáwọ́ dúró, bàbá yín fẹ̀yìn tì, ó di ẹni tó ń ka ìkéde ní ìjọ Yorùbá wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́dún 2021 ni Ọmọ́níyì gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí wá láti Àbújá, èyí tó ń gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Bàbá yín dìde dúró, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó sì pàṣẹ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí awakọ̀ ojú irin pé kó máa bọ̀. Iná tàn lójú tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mark, mẹkáníìkì tó ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ wa, pariwo mọ́ ọn títí, kò dáhùn. Bàbá yín rọra sọ̀rọ̀ sí i, ó gbé orin àtijọ́ jáde. Bó bá ti ṣe ohun tó ní kó ṣe tán, á ní, "Thank you." Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì yẹn ni ó dùn jù nínú ọjọ́ ogbó wa, nítorí pé inú ilé ni ohùn náà wá wà. Mo ń dáná, mo ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ dé. Apá rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀, ẹsẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ kò padà. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó fi oúnjẹ sẹ́nu. Ó bá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sọ̀rọ̀, obìnrin inú rẹ̀ fèsì pé kó má bínú, òun kò gbọ́. Ó tún sọ, òun kò gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí omi lójú bàbá yín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi gbọ́ ohun tó wí ní tèmi, ìròyìn ni ó fẹ́ wò. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo mú rìmóòtù, mo fi í sábẹ́ ìró mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ìròyìn jáde. Ó yíjú padà, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé, ó ń tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Ó ti gbọ́ yín, Bàbá Níyì." Àánú ni mo fi ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́. Ti ọjọ́ kejì lọ ni n kò lè sọ.

Ohùn obìnrin tó ń ní òun kò gbọ́ yẹn fẹ́ tú àṣírí mi. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, Ọmọ́níyì, ìwọ lo fi hàn mí pé òun ni a fi ń pa etí rẹ̀ bí a kò bá fẹ́ kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Mo pa á. Láti ọjọ́ náà, adití ni tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọwọ́ mi ló ń gbọ́ràn. Bàbá yín ń sọ̀rọ̀, mò ń tẹ rìmóòtù. Gbogbo ẹni tó bá kí wa, èmi ni mo ń sọ ohun tó wí fún wọn. Ìgbà mìíràn n kì í tilẹ̀ dúró kó sọ ọ́ tán. Ó ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta tí mo ti ń fẹ́ kí ohùn ọkùnrin yẹn jẹ́ tèmi nìkan, ó sì ti di tèmi. Mo ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́ ilé. Ẹ wo irú èmi.

Rita, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni o máa ń wá láti ilé ìwòsàn, láti tún kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. O bi í ní ohun tó fẹ́ràn, o sì kọ orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin sórí ìwé fún un, láti Énúgù dé Kafanchan, pé kó máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. O ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó ń làágùn, ó ń sunkún, n kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ kan o rí rìmóòtù lábẹ́ ìró mi. O kò pariwo. O fà mí lọ sí kíṣìnì, o ní, "Mama, abeg, no do am again. If Papa think say e don well, e no go try." Mo bẹ̀ ọ́ pé n kò ní ṣe é mọ́. Bí o ti jáde ni mo pe ọ̀gá rẹ lórí fóònù, mo ní o jágbe mọ́ aláìsàn, o fi ọwọ́ líle mú un lágbọ̀n. Irọ́ ni. Bàbá yín bi mí bóyá o ń bọ̀. Mo ní o ti sọ pé ó ti yá, kò nílò rẹ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó pẹ́ ni mo gbọ́ pé wọ́n mú ọ kúrò nínú àwọn tó ń lọ sílé aláìsàn nítorí ẹjọ́ tí mo rò.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìwà burúkú mi parí sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ ra ẹja gbígbẹ ní Ogbete, mo tètè rí kẹ̀kẹ́, n kò pẹ́ tí mo fi délé. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú pálọ̀. Mo rò pé àlejò ni. Bàbá yín ni. Ó dúró, ó di ẹ̀yìn àga mú, ìwé Rita wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbó nítorí kíká àti títú. Ó ń pe Ehá-Àmufù, ó ń pe Òtúkpó, ó ń pe Mákurdí. Ohùn náà wúwo, ó ń fà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ẹni tó dúró lójú pópó kò ní gbọ́. Ó ti ń fi ìgbà tí n kò bá sí nílé kọ́ ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kó tàn, ní Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro. Kò tàn. Ó tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ nígbà kẹta, ó fi "please" kún un. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni mo fi jìnnà sí bọ́tìnnì yẹn.

Ó yíjú, ó rí mi. Ó ní, "Ìyá Níyì, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gẹ́lẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fọ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá ní mo gbọ́, yóò bi mí ìdí tí tẹlifíṣọ̀n kò fi gbọ́, gbogbo àṣírí mi yóò sì tú. Mo wo ojú ọkọ mi, mo ní, "N kò gbọ́ yín dáadáa, Bàbá Níyì. Kí lẹ wí?"

Ó wo ẹnu mi títí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sórí tábìlì, ó jókòó. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí etí tẹlifíṣọ̀n, mo bẹ bàbá yín pé kó tún bá a sọ̀rọ̀ wò. Ó mi orí. Oṣù mẹ́jọ ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Àánú, o kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nígbà Kérésìmesì pé kó pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ pa ọ́ lórí. Èmi ń wò yín. N kò sọ nǹkan kan fún un títí tó fi kú. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé n kò mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bóyá ó gbà mí gbọ́, ó rò pé ohùn òun ti kú. Bóyá ó mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa, tó sì pinnu pé òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún mi mọ́.

Rita, lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gá rẹ nìyí, mo ti fọwọ́ sí i. Mo kọ irọ́ tí mo pa síbẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń tọ́jú ẹni tó rọ, ẹ máa kíyèsí inú ara yín lọ́jọ́ tí ìlera rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín lẹ́rù. N kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi, ẹ pariwo lé mi lórí, èmi yóò gbà á. Ẹ má ṣáà dákẹ́ sí mi. Mo ti bá ẹnì kan tó dákẹ́ gbé fún oṣù mẹ́jọ, n kò lè tún gbé bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ́níyì, ìwọ ni àkọ́bí. Sọ nǹkan.