Àwọn Tó Fi Ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa Tọ́ Bíà Wò

Ẹ̀yin ará, ohun tí ojú mi rí ni mo dìde láti sọ. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú àwọn ife kéékèèké tí a fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nígbà tí mo lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè, ọkọ mi pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé wa láti tọ́ bíà wò. Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ìgò oríṣìí mẹ́fà, kí oníkálukú tọ́ ọ wò, kó sì sọ èyí tó jẹ́. Mo wọlé lọ́sàn-án, mo bá àwọn ife mímọ́ lórí tábìlì, òórùn bíà ń jáde nínú wọn.

Ọkọ mi ò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá Délé, má bínú. Ọ̀rẹ́ rẹ ló kó wọn fún mi. Ó ní tá a bá ti fọ̀ wọ́n, o ò ní mọ̀."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la jọ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láti ọdún méje, pé kí Ọlọ́run gba ọkọ mi lọ́wọ́ ọtí. Òun nìkan ni mo fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí tí mo ń kó àwọn ife náà sí wà hàn.

Mo wọ yàrá, mo sunkún gbàdúrà títí oorun fi gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Tẹ̀ lé mi."

Ó kọ́kọ́ mú mi gba ibi tó tutù, tó mọ́lẹ̀ kedere. Mo rí màmá tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó kú, ó jókòó, ó ń sinmi. Mo fẹ́ dúró tì í. Ọkùnrin náà ní kò tíì yá.

Lẹ́yìn náà mo rí tábìlì gígùn kan nínú iná, àwọn èèyàn jókòó yí i ká, wọ́n ń gbé ife sẹ́nu, iná ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ké, ife ò gbẹ, wọ́n tún ń gbé e sẹ́nu, wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́, iná ò jẹ́ kí ẹnu wọn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ta nìwọ̀nyí?"

Ó ní, "Àwọn tó ń bá èèyàn ṣe àmín, tí wọ́n sì ń dalẹ̀ rẹ̀."

Mo rí àga kan tó ṣófo, wọ́n kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà yíjú sí mi.

"Kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

Mo wò, wọ́n ti ń gbé àga mìíràn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń kọ orúkọ sí i, mo dá lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ̀, ti orúkọ mi ni, mo ké, mo sì jí.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé, mi ò tilẹ̀ wé gèlè. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Délé, irọ́ ni bàbá Délé pa mọ́ mi. Ṣé èmi lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ?" Ó sọ ọ́ lójú mi kòró.

Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé mo dárí jì í. Ó ṣì ń dùn mí.

Arábìnrin náà wà láàárín wa láàárọ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, sọ òótọ́ nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má wá a kiri. Kí oníkálukú wo inú ara rẹ̀.