Orúkọ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ọmọ Marit

Bí ẹ bá rí mi ní ọjà Porta Palazzo lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ láìra ohunkóhun, ẹ má rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí sàárè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ kó rí.

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn dé. Marit, ìyàwó Adésànmí ọmọ mi, wà nídìí ààrò ní ilé tí a jọ ń gbé ní Torino, ó ń ro oúnjẹ ọmọ, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ Norway ni Marit. Wọ́n ní Gunnhild, ìyá rẹ̀, ti sùn, kò sì jí mọ́. Kò ké. Ó pa iná, ó nu ọwọ́, ó ní, “Mamma, ìyá mi ti lọ, kò sì rántí mi rí.” Mo gbá a mọ́ra, mo ń sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ẹnu àgàbàgebè ni mo fi ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ rántí rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni ó kọ̀wé sí.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Oyún Marit ti pé oṣù méje, òun àti ọkọ rẹ̀ ń wá orúkọ. Èmi ti mú Mofẹ́olúwa kalẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Marit wá ní ọmọ tí wọ́n bí sí Ítálì, tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, gbọ́dọ̀ ní ohun kan lára tí yóò máa rán an létí ìlú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ó kọ orúkọ mẹ́rin sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì: Ingrid, Solveig, Ragnhild, Sunniva. Adésànmí a jáde sí balùkóònì, a máa ké wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe ọmọ wọlé láti ibi eré. Bó ti ké “Ragnhild!”, Matteo tó ń gbé lókè wa yọrí lójú fèrèsé, ó fi orúkọ iṣẹ́ ẹnjiníà pè é: “Ingegnere, ṣé ọmọ lò ń pè ni àbí ikọ́ lò ń wú?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Marit fa ìlà pa Sunniva rẹ́. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní orúkọ àbúrò òun tó kú sómi ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Nílùú wọn, ènìyàn a máa fi orúkọ ẹni rẹ̀ tó ti kú sọ ọmọ, kí orúkọ náà má baà parun. “Òun gan-an ni mo fẹ́ jù, Mamma. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Màmá mi dúró létí omi, ó ní èmi ni mo jẹ́ kó kú. Bí orúkọ yẹn kò bá ti ẹnu màmá mi jáde, n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.” Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn tí òun àti ìyá rẹ̀ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí lẹ́tà fi dé. Orúkọ tèmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbátan wọn kan ló sọ fún Gunnhild pé Marit lóyún, tó sì fún un ní àdírẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Ilé ìwé míṣọ́n ni mo lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé mi. Ó ní: “Ìyá ni yín, ìyá ni mí. Èmi ni mo rán ọmọdé ṣọ́ ọmọdé, tí mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ lé e lórí. Ẹ bá mi bẹ Marit. Bó bá jẹ́ obìnrin ló bí, kó fún un ní Sunniva. Bó bá gbà, mà á wá. Bí kò bá gbà, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.”

Kí ló le níbẹ̀? Kí n na ọwọ́, kí n fún un. Ṣùgbọ́n àyà mi já. N ó sọ ìdí rẹ̀, kì í ṣe láti fi dá ara mi láre. Kí n tó bí Adésànmí, mo bí Tíolúwaní. Ibà gbé e lọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo tún bí obìnrin, mo sì taku pé orúkọ kan náà ni kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn àgbà ilé ní rárá, wọ́n ní kí n má fi orúkọ òkú ọmọ pe ààyè ọmọ. Mo ní èmi onígbàgbọ́ kò bẹ̀rù èèwọ̀. Ọmọ náà kò hu eyín tó fi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo búra lójú oórì rẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ níbi tí mo bá wà. Nítorí náà mo ki lẹ́tà Gunnhild bọ ìsàlẹ̀ àpótí mi.

Marit bímọ, obìnrin ni. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti bi mí pé, “Mamma, ṣé kò sí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ màmá mi?” Mo gbé ọmọ dání, mo ní, “Kò sí o, ọmọ mi.” Ó yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì Adésànmí lọ sí ilé comune, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú, wọ́n kọ ọmọ sílẹ̀ ní Ingrid Mofẹ́olúwa.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, bóyá à bá pè é ní ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kejì dé: “Ṣé ó ti bí? Ṣé ẹ ti bá mi sọ fún un?” Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova, sọ́dọ̀ Oyinkán ọ̀rẹ́ mi. A jọ gbé Via Anelli, àdúgbò àwọn àjèjì ní Padova, kí wọ́n tó kó gbogbo wa kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ ilé wa ló ń tà, a sì máa dirun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ka lẹ́tà méjèèjì tán, ó ti òòyà bọ irun ara rẹ̀.

“Ìyá Sànmí! Orúkọ tó kú sómi ni kí wọ́n gbé fún ọmọ ọmọ yín? Abeg o! Ẹ ya á dànù.”

“Tó bá tún kọ òmíràn ńkọ́? Tó bá bọ́ sọ́wọ́ Marit?”

“Ẹ fún un lésì tí yóò pa á lẹ́nu mọ́ nígbà náà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù nínú gbogbo wa.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ló pè é.

Èmi kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo jókòó sáàrin páálí iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé rere tí àwọn míṣọ́n kọ́ mi kọ ọ́ pé: “Mo jíṣẹ́ yín. Marit ní òun kò fẹ́ orúkọ kankan láti ilé yín lára ọmọ òun.” Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Kí Ọlọ́run tù yín nínú.” Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ti gba orúkọ mìíràn. Ohun tí mo ní mo ń bẹ̀rù ti kọjá. Ara mi ni mo ń dáàbò bò lọ́jọ́ náà, ọkàn ìyá ẹlòmíràn ni mo sì fi di ihò irọ́ mi.

Gunnhild kò kọ̀wé mọ́. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ó fi kú.

Nígbà tí Marit ní òun ń lọ sin ín, òun yóò sì palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, ni ìsinmi kúrò lára mi. Mo mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀: lẹ́tà tí mo kọ. Mo gbá ilẹ̀ tó mọ́. Mo wọ tram títí dé òpin, mo tún wọ̀ ọ́ padà. Mo fẹ́ sọ fún yín pé ìfẹ́ òtítọ́ ló mú mi jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pé ó lè rí i kí n tó sọ ló ṣáájú. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó ń ká aṣọ sínú àpò ìrìn-àjò, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Mummy, ẹ dìde! Kí lẹ ń ṣe yìí?” ni Adésànmí ń wí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì na lẹ́tà méjèèjì sí i. Ó kà wọ́n lórí ìdúró. Ó tún wọn kà. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Signora, ó lé lọ́dún kan ààbọ̀ tí màmá mi fi wà láàyè lẹ́yìn èyí. Ǹ bá ti lọ bá a.”

Signora, bí ẹni ń pe ìyá àjèjì. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, Mamma ló ń pè mí.

Adésànmí kò tíì lè wo ojú mi. Lánàá ìyàwó rẹ̀ pè é láti Norway, ó ní kó lọ béèrè ní Prefettura, ọ́fíìsì ìjọba, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ kún orúkọ ọmọ. Kò ní kó gbé fóònù fún mi. Marit, bí o bá gbọ́ èyí lọ́jọ́ kan, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o tún pè mí ní Mamma. Pé kí o má fi mí gégùn-ún ni mo ń bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, bí wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ rán yín, ẹ jíṣẹ́ náà. Ẹ má fi ẹ̀rù tiyín dáhùn fún ẹni tí wọ́n rán yín sí.

Ọ̀sán òní ni wọ́n sin Gunnhild. Mo wo aago títí ó fi tó àkókò ìsìnkú tí Adésànmí sọ fún mi. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ọpọ́n, mo gbé ọmọ tí Marit fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Adésànmí sínú rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, nítorí náà mo di apá rẹ̀ mú dáadáa. Mo sì fi orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi rán mi pè é: Sunniva. Ó ń gbá omi kiri, kò dá mi lóhùn. Mo tún un pè.