Ohun Tí Mo Sọ Lórí Rédíò Nípa Fíìmù Ọmọláńgidi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi ṣe mọ́. Agboolé kan náà là ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn, ẹnu ọ̀nà kan náà là ń gbà wọlé. Síbẹ̀, bí mo bá kí i, á kàn rọra mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó wá dá gbogbo èyí sílẹ̀ kò ju fíìmù ọmọdé lọ. Kàtúùnù o! Ṣé ẹ ò rí nǹkan báyìí?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fíìmù, kí n sì máa sọ èrò mi nípa rẹ̀ lédè Yorùbá ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Màrínà. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí fíìmù bá dáa, màá gbé e gẹ̀gẹ̀. Bí kò bá dáa, màá tú u palẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, àwọn olùgbọ́ á sì máa rẹ́rìn-ín. Àǹtí Mulikátù, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yìí, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ọjà Ìdúmọ̀tà ló ti ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé, ọmọláńgidi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Oníbèbí. Bí ohùn mi bá ti jáde, á yí rédíò sókè, á máa ké sí àwọn tó wà nítòsí pé, "Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o!" Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí, àní títí di ìsinsìnyí tí mo ti sanra. Ọlọ́run ò sì tíì fún un lọ́mọ. A kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé wa, kódà ìyá wa kì í dá a sọ.

Fíìmù náà wá dé láti òkè òkun. Àwọn tó ń ṣe irú ọmọláńgidi onírun aláràbarà tí Àǹtí ń tà ló ṣe é. Nínú fíìmù náà, ọmọláńgidi kan wà nínú páálí ní ilé ìtajà, tó ń retí ẹni tí yóò mú òun lọ sílé. Inú Àǹtí dùn débi pé ó kó àwọn ọmọ agboolé jọ, ó ní kí n bá àwọn lọ, ni gbogbo wa bá gba sinimá lọ. Kí n má tàn yín, fíìmù náà ò dáa. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọni lára, wọ́n á ti bú sórin. Kí orin tó parí, ọmọláńgidi mìíràn á ti wọlé pẹ̀lú aṣọ tuntun, kí àwọn ọmọ lè mọ èyí tí wọ́n máa sunkún pé kí wọ́n rà fún àwọn. Èmi nìkan kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi nílé lóko ní ìpolówó ọjà lásán ni. Àmọ́ nígbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí Àǹtí tó ń fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Mo rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ta á lójú. Kí a tó délé, mo ti gbàgbé.

Nígbà tí àsìkò ètò mi tó, mo jókòó, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọláńgidi ni fíìmù yìí fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, kò sí ẹ̀mí níbẹ̀. Bó ti wù kí obìnrin pọn ọmọláńgidi pẹ́ tó, ta ló máa kí i kú ewu ọmọ?" Háà! Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn dígí. Wọ́n gé ibẹ̀ jáde nínú ètò náà, wọ́n ń pín in kiri lórí Wàtsáàpù, orí mi sì ń wú.

Ṣé ẹ mọ Èkó? Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ òkò ọ̀rọ̀ níbí? Obìnrin lè máa bá ewúrẹ́ wí ní ẹ̀yìnkùlé, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ìyàwó tó ń fọ abọ́ ló ń bá wí. Wọ́n ní èmi wá gbé tèmi dé orí rédíò. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti ń bi Àǹtí pé, "Ìyá Oníbèbí, ṣé ẹ gbọ́ bí ọkọ yín ṣe ń bú yín?"

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá a, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Mo kí i. Ó yíjú sí mi, ó pè mí lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ gan-an! Subuhanallahi!

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹ ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá."

Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Mo mọ̀," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní èmi lò ń bú, mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo pọ̀n ò lè bú mi. Ṣebí a jọ jókòó ní sinimá ni? O rí mi tí mò ń sunkún. O wá dé orí rédíò, o sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò tilẹ̀ wá sí ọ lọ́kàn. Ìyẹn ló dùn mí."

Òótọ́ ni, ó pọ̀n mí. Bí òjò bá rọ̀ tí àdúgbò wa kún fún omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà lọ sí ilé kéú, ìyàwó tuntun ló sì jẹ́ nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bẹ̀ ẹ́ lórí rédíò kan náà. Ṣé kí n wá sọ fún gbogbo Èkó pé ìyàwó wa ò tíì bímọ? Ọ̀gá mi ní kí n má dá àwọn ará ilé lóhùn, pé òótọ́ ni mo sọ. Mo padà lọ wo fíìmù náà lémi nìkan. Kò dáa síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n óò sì tún wí lọ́la. Àmọ́ ibì kan wà tí ọmọdé kan gbé ọmọláńgidi náà, tó dì í mọ́ra, tí ìyá rẹ̀ sì ní kó dá a padà sórí àtẹ. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ní mo rò ó kí n tó sọ ọ́, ìkà ni mí. Bí mo bá sì ní kò wá sí mi lọ́kàn, ohun tó dùn ún náà ni mo tún sọ sí i lójú. Èwo nínú méjèèjì ni kí n fi bẹ̀ ẹ́?