Igi Tó Dún Dáadáa

Lónìí ni yóò sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́ lónìí, ó lè máà rí ẹnu sọ ọ́ mọ́ láéláé, nítorí àárọ̀ ọ̀la ni àwọn dókítà fẹ́ la àyà rẹ̀. Agbẹ́gi ni ọkùnrin tí mò ń wí yìí, abọ́ igi ló ń ṣe tà, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Láti àárọ̀ tó ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń sọ fún un pé kó má bẹ̀rù ọ̀bẹ. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ẹ̀gbọ́n tó bá a jókòó lọ́sàn-án yẹn, tó ń bó ọsàn, tó sì ń yọ kóró inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ fún jẹ. Ojú kan ni ẹ̀gbọ́n yìí ní. Ìkejì ti fọ́ tipẹ́. Bó bá fẹ́ wo èèyàn, ó ní láti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tó rí àgbàdo, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń fi ṣe àwàdà. Gbogbo ìgbà tó bá yí orí báyìí ni agbẹ́gi, àbúrò rẹ̀, ń gbé ojú kúrò. Òun ló fọ́ ojú yẹn. Ẹ má tíì bá a wí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀ ná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀rù ti tì í débi pé ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó wo abẹ́ tábìlì iṣẹ́, lẹ́yìn agolo òróró, yóò rí ohun kan tí òun fi àkísà dì. Kó má tú u, kó gbé e wá. Ìyàwó yí ẹ̀yìn padà tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kó má rí i. Irú àdúrà wo nìyẹn? Obìnrin náà rí i. Ó wọlé lọ́sàn-án, ó kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó gbé àkísà náà sórí ìbora láàárín àwọn méjèèjì, ó ní ṣé ẹrù eléruku yìí ni wọ́n torí ẹ̀ ní kí òun fi iṣẹ́ òun sílẹ̀, ló bá jáde lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n yí orí, ó wo àkísà, ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n ló ni ín, òun ló sì kọ́ àbúrò níṣẹ́. Etí-Ehoro ni àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n, torí pé kò sí igi tí kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Á fi èékánná kan igi, á tẹ́tí, á ní eléyìí dára, á ní tọ̀hún ti jẹrà nínú, kò sì sí ìgbà tó ṣì í gbọ́. Àbúrò kò ní irú etí yẹn. Ó ní ọwọ́, ó ní ojú, ó tún ní ìlara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń fi bò ó. Lọ́jọ́ kan ó rí gẹ̀dú kan tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin. Igi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà ló máa ń lẹ́wà jù: ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, á lọ, á bọ̀, bíi pé ẹnì kan fi kálàmù yà á. Ṣùgbọ́n bó bá rà kọjá bó ṣe yẹ, ìyẹ̀fun ló kù níbẹ̀. Àbúrò gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí, ó gbẹ́ ìta, ó gbẹ́ inú, abọ́ náà sì ń rẹwà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n wá, ó kàn án, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti kú, kó dà á nù, irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń fò lórí ẹ̀rọ, ó lè ṣe èèyàn léṣe. Ó tún fi àwàdà kún un lójú àwọn oníbàárà pé ẹwà ni àbúrò òun ń wò, kò gbọ́ ohun tí arẹwà ń sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á lára bí ata.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ jẹun, àbúrò ro gúlù olómi sí ibi tó kú náà títí ibẹ̀ fi mu ún yó. Ó gbẹ, ó le bí òkúta. Ó fi sáńpépà ha á, ó fi òróró pa á, ọwọ́ ò lè mọ ibẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òkè lásán ni gúlù mú le. Inú ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun, àbúrò sì mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó ní igi mìíràn ni. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára. Ó kàn fẹ́ kí Etí-Ehoro ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òun náà rí i fi rẹ́rìn-ín lójú àwọn oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n kan abọ́ náà yíká. Ó dé ibi gúlù, ó dúró, ó tún un kàn. Ó ní èyí dára, ó ní àbúrò òun ti ń gbọ́ ohùn igi. Inú àbúrò dùn dé góńgó. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn oníbàárà dé ná, kó lè dùn dáadáa. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀gbọ́n ti gbé abọ́ sórí ẹ̀rọ, ó ní ìdí rẹ̀ ṣì nípọn, kí òun bá a gbẹ́ ẹ díẹ̀. Ìbojú tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú wà lórí ìṣó. Ẹ̀gbọ́n kì í wọ̀ ọ́ bí igi bá ti dún dáadáa létí rẹ̀; àbúrò mọ èyí náà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àbúrò la ẹnu. Ó ronú bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa bínú, ó pa á dé. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n bá mú irin ìgbẹ́gi, òun á sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mú irin. Ó ní bó bá fi kan igi, òun á sọ̀rọ̀. Ó fi kan igi. “Ẹ dúró” lásán mà ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ fẹ́ràn láti máa dán ọ̀gá yín wò, ẹ sọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó yí. Irin já òkè gúlù, ó wọnú ìyẹ̀fun, ó há, abọ́ náà sì fọ́n ká. Ọ̀kan lára àfọ́kù rẹ̀ wọ ojú ẹ̀gbọ́n.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Ó tún kù. Nígbà tí wọ́n fi báńdéèjì di ojú ẹ̀gbọ́n, ó di ọwọ́ àbúrò mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má bínú, òun ba abọ́ rẹ̀ tó rẹwà jẹ́, etí òun ló tan òun jẹ. Àbúrò gbọ́ èyí, ó ní ẹnu, ó ní ahọ́n, ohun tó fi wọ́n sọ ni pé, “Mo ti dárí jì yín, Bọ̀dá mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bà á lẹ́rù láti ìgbà náà, ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n kò fi èékánná kan igi mọ́. Ó ní etí tó bá ti purọ́ fún òun lẹ́ẹ̀kan, òun ò lè bá a ṣiṣẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àbúrò, ó lọ ń ṣọ́ géètì. Ilẹ̀kùn ilé onílé pàápàá, kì í kàn án. Ìta ni yóò dúró sí tí yóò máa pe orúkọ. Àwọn ọmọ ilé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

“Ẹ tú u,” ni àbúrò wí. Ẹ̀gbọ́n nu omi ọsàn kúrò lọ́wọ́, ó tú àkísà. Àfọ́kù abọ́ ni, ìlà dúdú ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè ẹni tó tọ́jú rẹ̀, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àbúrò ní kó jọ̀ọ́, kó kàn án. Ó kọ̀. Àbúrò tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbé e, ó fi èékánná kàn án. Kọ́, kọ́. Ó dún ketekete. Ó yí àfọ́kù náà padà, ó fi èékánná kan náà ha ẹ̀yìn ibẹ̀, ìyẹ̀fun sì ń dà sórí ìbora funfun. Ó wo ìyẹ̀fun. Ó tún kan iwájú. Àyà àbúrò ń lù débi pé ó rò pé kò ní dúró de ọ̀bẹ dókítà.

“Gúlù ni,” ni àbúrò wí. “Èmi ni mo ro ó síbẹ̀. Igi tí ẹ ní kí n dà nù ni. Mo fẹ́ fi yín ṣe ẹlẹ́yà ni, Bọ̀dá mi, mo sì ń wò yín títí ẹ fi fi irin kàn án. Etí yín ò purọ́. Èmi ni mo purọ́. Ẹ forí jì mí.”

Ó ti múra sílẹ̀ de ìgbájú, ó ti múra sílẹ̀ de èpè. Ẹ̀gbọ́n kò ṣe ìkankan. Omi bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó fọ́ àti èyí tó kù, kò sì nù ún.

“Nígbà yẹn, o ní o ti dárí jì mí,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Mo máa ń dúpẹ́ nítorí ẹ nínú àdúrà mi.”

Àbúrò gbé ojú sílẹ̀, ó ń wo ìyẹ̀fun orí ìbora.

“Èmi ò ní sọ pé mo dárí jì ọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí o jí lọ́la, ṣé o gbọ́? Mi ò lè bá òkú jà.”

Ó di àfọ́kù náà padà sínú àkísà, ó fi sínú àpò, ó jáde. Ó fi ọsàn tó ti bó sílẹ̀ lórí àwo, kò sí kóró kankan nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni àbúrò ti ń rò ó pé bí òun bá ti sọ ọ́ tán, ikú kò ní ba òun lẹ́rù mọ́. Irọ́ ni. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ikú wá bà á, torí ó ti ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n lóde, ó gbọ́ tó dúró. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ kọ́, kọ́, lára ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà lọ síwájú díẹ̀, kọ́, kọ́, lára bẹ́ǹṣì tí àwọn àlejò ń jókòó sí. Nọ́ọ̀sì kan béèrè pé kí ni bàbá ń wá. Ẹ̀gbọ́n tún kan bẹ́ǹṣì náà. Ó ń tẹ́tí.