Orin Tó Bo Fèrè Rélùwéè Mọ́lẹ̀

Àwọn ará ilé ọkọ mi tó máa ń pè mí ní ojo inú mọ́tò ì bá wà nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ohun tí dírẹ́bà wa àti ìyàwó rẹ̀ ń bá ara wọn sọ níwájú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ má gbé èrò lọ sí Òṣogbo lọ́la mọ́. Rélùwéè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín níbẹ̀."

"Ojú irin wo ló wà nílùú tiwa tí mo fi máa mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá rẹ̀?"

"Ẹni tó ń ju àsíá pupa ńkọ́?"

"Mo rí i. Mo rò pé rélùwéè á rọra fún mi bíi tírélà. Orin ìyìn gba gbogbo inú ọkọ̀, gbogbo èrò mi dijú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. N kò gbọ́ fèrè títí rélùwéè fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Díẹ̀ ló kù kó gbá ìdí ọkọ̀."

"Ẹ ò lè ní kí wọ́n dákẹ́?"

"Ta ló ń gba orin ìyìn lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́? Ẹnì kankan ò tiẹ̀ mọ̀. Nígbà tí a dé gáráàjì, wọ́n dúpẹ́ pé mo wakọ̀ jẹ́jẹ́."

Jẹ́jẹ́! Mo di ìjókòó iwájú mi mú.

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n fògo fún Ọlọ́run."